Gíláàsì Méjì fún Ìbejì Kan

Àwọn ọ̀dọ́ lu ọkùnrin kan pa ní ìdíkọ̀ Èmùré Èkìtì láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú. Ojú ọkùnrin náà ti bó kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án. Bọ́ọ̀sì tó ti Ìṣẹ́ bọ̀ ló gbé e wá. Ó fi tówẹ̀lì bo orí, ó sì ń bẹ obìnrin kan tó ń ta omi pé kó bá òun da omi sójú. Obìnrin náà ṣí tówẹ̀lì, ó figbe ta.

Ìròyìn ti dé Èmùré láti ọjọ́ Sátidé pé Màmá Onífọ́tò ti Ìṣẹ́ da ásíìdì sójú ọ̀kan nínú àwọn tó wá dáná sun ilé rẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi ọkùnrin náà ní orúkọ. Òkúta ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, pákó ìjókòó bọ́ọ̀sì ni wọ́n fi parí rẹ̀. Nígbà tí ọlọ́pàá dé, ìdíkọ̀ ti dá, omi tí obìnrin yẹn ń tà sì ti dà sílẹ̀ pọ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀.

Solomon ni orúkọ rẹ̀. Agbèrò ni ní Ìkẹ́rẹ́, ẹni tí àwọn olówó máa ń gbé kiri tí wọ́n bá fẹ́ dẹ́rù ba ènìyàn. Òun ni ẹnì kejì tó kú láàárín Sátidé sí Àìkú lórí ọ̀ràn kan náà: ta ló ni oko kòkó tí olóògbé Pa Adéwùnmí fi sílẹ̀ ní Ìṣẹ́? Ìdáhùn ọ̀ràn yìí wà lára gíláàsì fọ́tò méjì, irú èyí tí wọ́n ń lò kí fíìmù tó dé. Obìnrin kan ṣoṣo ló sì mọ ibi tí gíláàsì méjèèjì wà.

Obìnrin náà ni Tinúọlá Fágbèmí, tí gbogbo ìlú ń pè ní Màmá Onífọ́tò. Ó ti ń lọ sí ọgọ́rin ọdún. Akínpẹ̀lú ọkọ rẹ̀ ló gbé kámẹ́rà wọ Ìṣẹ́ láti Èkó kí ogun Hítílà tó parí. Ṣùgbọ́n ikọ́ fée kò jẹ́ kí ọkùnrin náà lè dúró nínú yàrá òkùnkùn tí wọ́n ti ń fọ fọ́tò. Òórùn èròjà ibẹ̀ a máa dí i lọ́fun. Kò pẹ́ tí iṣẹ́ fi pín sí méjì. Akínpẹ̀lú wọ kóòtù, ó so táì, ó ń kí oníbàárà níwájú ìta. Tinúọlá ló ń tò wọ́n sórí ìjókòó. Òun ló ń ki orí bọ abẹ́ aṣọ dúdú ẹ̀yìn kámẹ́rà, òun ló ń fọ gíláàsì, òun ló ń tẹ fọ́tò sórí pépà. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá parí, á lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀: A. FÁGBÈMÍ, AYÀWÒRÁN, ÌṢẸ́.

Akínpẹ̀lú kú ní ọdún 1968. Òǹtẹ̀ kò yí padà. Nígbà tí wọ́n ń ṣe àfihàn fọ́tò àtijọ́ ní Adó láti fi ṣe ọjọ́ ìbí Ìpínlẹ̀ Èkìtì, ògiri kan odindi jẹ́ ti Fágbèmí: àwọn ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé, àwọn sójà tó ti Bọ́mà dé, àwọn ọmọ ilé ìwé tí kò wọ bàtà. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ wọn pé olóògbé ló yà wọ́n, títí kan àwọn tí wọ́n yà lẹ́yìn tó ti wọ sàréè. Tinúọlá wà níbẹ̀. Wọ́n fún un ní àga lẹ́yìn gẹ́gẹ́ bí opó ayàwòrán.

Àwọn ìyá ìbejì nìkan ni kò ka iṣẹ́ rẹ̀ sí ti ọkọ rẹ̀. Wọn kì í fẹ́ kí ọkùnrin ya ọmọ wọn, pàápàá tí ọ̀kan bá ti kú. Ìyá bẹ́ẹ̀ kì í fẹ́ kí èyí tó kù dá wà nínú fọ́tò. Á gbé alààyè wá. Tinúọlá á mú un jókòó sí apá ọ̀tún bẹ́ǹṣì, á yà á. Á tún mú un bọ́ sí apá òsì, á yà á sórí gíláàsì mìíràn. Nínú yàrá òkùnkùn, á fi páálí bo ìdajì pépà, á tẹ ọ̀kan. Á ṣí i, á bo ìdajì kejì, á tẹ ìyókù. Ọmọ méjì á jáde tí wọ́n jókòó ti ara wọn. Bí èyí tó kú bá jẹ́ ọkùnrin, tí èyí tó kù sì jẹ́ obìnrin, aṣọ ọkùnrin ni wọ́n á wọ̀ fún ọmọ náà nígbà kejì.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni wọ́n ṣe fún Florence, ọmọ Pa Adéwùnmí, ní ọdún 1954. Òun ni Kẹ́hìndé. Táíwò èkejì rẹ̀, tó jẹ́ ọkùnrin, ti bá ìgbóná lọ kó tó lè rìn. Florence jẹ́ ọmọ ọdún méje nígbà tí ìyá rẹ̀ mú un lọ sọ́dọ̀ Tinúọlá. Wọ́n yà á nínú gáùn. Wọ́n tún yà á nínú bùbá, ṣòkòtò péńpé àti fìlà tó bò ó lójú.

Fọ́tò náà wà lára ògiri pálọ̀ Adéwùnmí fún ohun tó lé ní ogójì ọdún. Ìyá Florence, tí wọ́n ń pè ní Ìyá Ìbejì, kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mẹ́nu kan ikú nínú ilé náà. Bí àlejò bá wọlé, á nawọ́ sí ògiri: "Táíwò rèé, Kẹ́hìndé rèé." Àwọn ọmọ tí wọ́n bí nínú agbo ilé lẹ́yìn náà ń pe ọmọkùnrin inú fọ́tò ní bùọ̀dá. Dúrósinmí, àbúrò Pa Adéwùnmí, wà ní Gold Coast nígbà tí ọmọ náà kú. Nígbà tó dé, fọ́tò ló bá, ó sì gbà pé ọmọ ẹ̀gbọ́n òun tó wà lájò ló ń wò. Ìyá Ìbejì kú ní ọdún 1974, ọkọ rẹ̀ kò sì tú àṣírí náà lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn tó sin ọmọ náà kú tẹ̀ lé e lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí Pa Adéwùnmí fúnra rẹ̀ kú ní ọdún 1997, kò sí ẹni tó kù nínú ẹbí tó lè sọ pé Táíwò kò dé ọmọ ọdún méje, àfi Florence.

Ọdún yẹn gan-an ni Adétúnjí ti Èkó dé. Ọkùnrin tó mọ ọ̀rọ̀ sọ ni, ó sì ní ọkọ̀ Pijó. Ó dúró níwájú fọ́tò, ó bọ́ fìlà, ó ní bàbá òun nìyẹn. Ó ní wọ́n mú Táíwò lọ sí Kumasi láti kékeré, ibẹ̀ ló ti bí òun, ibẹ̀ ló kú sí. Dúrósinmí dì mọ́ ọn, ó sunkún. Lójú tirẹ̀, ọmọkùnrin ti padà sí ilé ẹ̀gbọ́n òun, oko kò ní bọ́ sọ́wọ́ ọkọ Florence.

Florence kò gbà. Ní ìgbà ìkórè kòkó ọdún 1999, Adétúnjí kó àwọn ọmọ ìdíkọ̀ wọ oko, wọ́n lé àwọn alágbàṣe Florence jáde. Ọ̀kan nínú wọn kọ̀ láti ju àdá rẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n gbé ọwọ́ rẹ̀ lé ìdí igi kòkó, wọ́n gé ìka ibẹ̀. Ọ̀rọ̀ di ti kóòtù ní Ìkẹ́rẹ́.

Ní ọjọ́ Ẹtì tó ṣáájú ikú Solomon, Florence pe Màmá Onífọ́tò gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí rẹ̀. Lọ́yà Adétúnjí gbé fọ́tò náà lé e lọ́wọ́.

"Màmá, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ fún wa. Orúkọ ta lẹ rí?"

"Orúkọ ọkọ mi."

"Ẹ ṣeun. Ṣé ẹ̀yin náà ń jẹ́ Akínpẹ̀lú ni?"

Kóòtù rẹ́rìn-ín. Tinúọlá dúró títí ẹ̀rín fi tán.

"Èmi ni mo ya fọ́tò yìí," ó ní. "Ọmọ kan ló wà níbẹ̀, kì í ṣe méjì. Kẹ́hìndé ni mo yà lẹ́ẹ̀mejì."

"Ta ló kọ́ yín níṣẹ́ fọ́tò láyé ìgbà náà, Màmá? Ṣé nídìí ààrò lẹ ti kọ́ ọ?"

"Ọkọ mi ló kọ́ mi. Nígbà tó yá, èmi ni mò ń kọ́ ọ."

Lọ́tẹ̀ yìí, àwọn tó ń rẹ́rìn-ín kì í ṣe ti lọ́yà. Adétúnjí fò dìde níbi tó jókòó sí. "Àjẹ́ ni ìyá yìí! Ó fẹ́ pa bàbá mi lẹ́ẹ̀kejì!" Adájọ́ pàṣẹ kó jókòó, ó wá kọjú sí Tinúọlá. Ó béèrè bóyá ẹ̀rí kankan wà yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ ẹnu.

"Gíláàsì méjèèjì wà, Olúwa mi. Lára ọ̀kan, ọmọ wà lápá ọ̀tún, òsì ṣófo. Lára èkejì, ọmọ wà lápá òsì, ọ̀tún ṣófo. Ọmọ kan náà ni, àpá kan náà ló wà ní orúnkún rẹ̀. Ẹni tó bá rí méjèèjì kò ní bi mí ní nǹkan mọ́."

"Níbo ni wọ́n wà?"

"Ibi tí wọ́n wà dára, Olúwa mi."

Adájọ́ ní kó kó wọn wá sí kóòtù ní Ọjọ́rú. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, òun yóò da ẹ̀rí rẹ̀ nù. Kò sẹ́ni tó béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gbogbo wọn ló gbà pé onífọ́tò kò ní ibòmíràn tó lè kó gíláàsì sí ju ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ. Adétúnjí náà gbà bẹ́ẹ̀.

Láàárọ̀ Sátidé, Tinúọlá ránṣẹ́ pe Florence. Ó ní ọ̀rọ̀ kan wà tí òun kò lè sọ ní gbangba. Florence wà lóko, ó ń ṣọ́ kòkó tó kù. Ó rán Gideon, àkọ́bí rẹ̀, ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tó ń kọ́ni ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìlawẹ̀.

"Ìyá rẹ ni mo ní kó wá," Tinúọlá sọ fún un.

"Màmá, ẹ rán èmi. Ṣé ẹnu mi ń jò ni?"

"Ẹnu rẹ kò jò. Ọ̀rọ̀ náà ni kì í ṣe ti ọmọdé. Jẹun ná, kí o lọ mú un wá."

Gideon ṣì ń jẹun nígbà tí ọkọ̀ Pijó dúró níwájú ilé. Ọ̀sán ni, ọjọ́ ọjà sì ni, àdúgbò dá. Ọkùnrin mẹ́ta sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú àdá, àáké àti kẹ́ẹ̀gì pẹtiróòlù. Gideon fa bẹ́ǹṣì dínà, ó dúró sí ẹnu ọ̀nà.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́. Arúgbó ló ń gbé ibí."

"Arúgbó wo?" Solomon ló dáhùn. "Arúgbó tó ń sọ ọkùnrin di obìnrin? Yàgò, tíṣà. Lọ kọ́ ọmọ ní ABD."

Gideon kò yàgò. Ó di àdá àkọ́kọ́ mú lójú irin, ó kàn ń pariwo pé kí Màmá gba ẹ̀yìn jáde. Ẹni tó mú àáké gbà á lọ́rùn lẹ́ẹ̀kan, ó tún gbà á lẹ́ẹ̀kejì nígbà tó ti wà nílẹ̀. Wọ́n gba orí rẹ̀ kọjá.

Tinúọlá kò gba ẹ̀yìn jáde. Ó dúró síwájú àwọn pẹpẹ tó kún fún àpótí gíláàsì láti ilẹ̀ dé àjà.

"Èwo ni ti ìbejì?"

"Kò sí níbí."

Wọ́n fa pẹpẹ àkọ́kọ́ lulẹ̀. Ìró rẹ̀ dé ọjà, gẹ́gẹ́ bí àwọn aládùúgbò ṣe sọ. Wọ́n tún bi í. Ó tún dá wọn lóhùn bákan náà. Wọ́n fa èkejì. Àwọn ìyàwó, àwọn sójà, àwọn olóyè àti àwọn òkú tí wọ́n tẹ́ fún ẹbí wò kẹ́yìn, gbogbo wọn ń fọ́ lábẹ́ bàtà. Ó dì mọ́ àpótí kan. Àdá gé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kọjá ọrùn ọwọ́.

"Ulé mi lẹ wọ̀ yìí," ó sọ fún wọn. Ohùn rẹ̀ kò ga, ni ẹni tó fetí kọ́ ọ láti ojú fèrèsé sọ. Ó fi ọwọ́ òsì mú ìgò ásíìdì tó fi ń ṣiṣẹ́ ní yàrá òkùnkùn, ó fi eyín já ìdérí rẹ̀, ó sì da gbogbo rẹ̀ sójú Solomon tó súnmọ́ ọn jù.

Igbe Solomon ló mú àwọn méjì tó kù kánjú. Wọ́n da pẹtiróòlù, wọ́n ṣáná. Wọ́n sá wọ ọkọ̀, wọ́n fi Solomon sílẹ̀ kó máa táràrà nínú igbó ẹ̀yìnkùlé. Àwọn aládùúgbò wọ Tinúọlá gba fèrèsé jáde. Kí wọ́n tó padà wá gbé Gideon, àjà ti wó lù ú.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni Florence dé ilé ìwòsàn ní Ìkẹ́rẹ́. Eérú ọmọ rẹ̀ ṣì wà létí aṣọ rẹ̀. Dúrósinmí ti wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Ó gbé ọsàn wá, ó jókòó sí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ó doríkodò. Ó ti ń tún un sọ fún gbogbo ẹni tó wọlé pé òun kò rán ẹnikẹ́ni ní iṣẹ́ ikú, pé Adétúnjí kò fi ọ̀rọ̀ lọ òun. Florence kò kí i.

"Màmá. Ṣé wọ́n rí i?"

"Wọn kò rí i."

"Ṣé ó jóná?"

"Kò jóná. Kò sí níbẹ̀."

Ó gba Florence ní àkókò kí ọ̀rọ̀ náà tó wọ̀ ọ́ lára. Nígbà tó wọ̀ ọ́, ó di irin bẹ́ẹ̀dì mú, ó sì mì ín tó bẹ́ẹ̀ tí ọwọ́ tí wọ́n dì fún arúgbó náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ̀jẹ̀.

"Kò sí níbẹ̀? Gideon mi kú sẹ́nu ọ̀nà yàrá òfìfo?"

"Yàrá náà kò ṣófo, Kẹ́hìndé. Gbogbo Ìṣẹ́ ló wà níbẹ̀."

"Ẹ má pè mí ní Kẹ́hìndé! Kí ló dé tí ẹ kò sọ fún ọmọ náà? Ẹ ò bá jẹ́ kó máa lọ!"

"Mo ní kó lọ mú ọ wá. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún ọmọdé pé kó lọ wú ìyá ìyá rẹ̀ jáde nínú ilẹ̀?"

Tinúọlá sọ ìyókù pẹ̀lú ohùn tí kò fi bẹ́ẹ̀ jáde. Ìyá Ìbejì ló gba gíláàsì méjèèjì lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tí fọ́tò gbẹ. Ó ní òun kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí àwọn ọmọ òun lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ láé. Ó mú Tinúọlá búra. Nígbà tó kú, àwọn obìnrin méjì ló wẹ òkú rẹ̀. Tinúọlá wà nínú wọn, èkejì ti kú. Tinúọlá ló fi gíláàsì náà sínú agolo bisikíìtì, ó dojú wọn kọ ara wọn, ó fi òwú sáàárín, ó sì fi agolo náà sí ẹ̀gbẹ́ orí ìyá náà kí wọ́n tó kan pósí.

"Nínú agbo ilé yín ni ó wà," ó ní. "Abẹ́ sìmẹ́ǹtì tí ẹ ń sá kòkó lé. Ìwọ nìkan lo lè ní kí wọ́n fọ́ ọ. Ìdí tí mo fi pè ọ́ nìyẹn."

Nọ́ọ̀sì wọlé láti tún ọwọ́ rẹ̀ dì. Nígbà tí Florence yíjú padà, ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì ti ṣófo. Ọsàn wà lórí àga tí Dúrósinmí jókòó sí.

Florence fẹ́ ṣe é bó ṣe yẹ. Ó wá lọ́yà rẹ̀ lọ, lọ́yà sì wá ọlọ́pàá lọ, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ lọ́la pé wọ́n fi nǹkan sínú sàréè. Ó di àárọ̀ ọjọ́ Ajé kí gbogbo wọn tó wọ agbo ilé Adéwùnmí ní Ìṣẹ́.

Wọ́n ti ṣáájú wọn débẹ̀. Sìmẹ́ǹtì sàréè ti là sí mẹ́ta. Kòkó tí wọ́n sá lé e fọ́n ká sínú ẹrẹ̀. Wọ́n fi dígà lu ìdérí pósí tó ti jẹrà, agbárí Ìyá Ìbejì sì wà létí kòtò, ó kọjú sí ògiri, gèlè tí wọ́n fi sin ín ṣì lẹ̀ mọ́ ọn. Ìdérí agolo kan tó ti dípẹtà wà lórí ilẹ̀ tí wọ́n wú sókè. Agolo fúnra rẹ̀ kò sí.

Florence kò sunkún. Ó mú dígà náà, ó lọ sí ẹnu ọ̀nà Dúrósinmí, ó sì lu ilẹ̀kùn náà títí ó fi já kúrò lára ògiri. Ó wọlé, ó lu bẹ́ẹ̀dì, ó lu kọ́ńbọ́ọ̀dù, ó lu rédíò. Ọlọ́pàá méjì ló gbà á mú. Ẹnikẹ́ni kò sí nínú yàrá náà. Àwọn ará ilé ní ọ̀gbẹ́ni àgbà náà ti jáde kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, ẹrẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ dé orúnkún, kò sì sọ ibi tó ń lọ. Wọn kò rí Adétúnjí pẹ̀lú rẹ̀. Wọn kò tíì rí Adétúnjí níbi kankan láti ọjọ́ Ẹtì.

Títí di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọwọ́ ọlọ́pàá kò tíì tẹ ẹnì kankan nínú àwọn méjì tó sá lọ. Dókítà ní Màmá Onífọ́tò yóò yè, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò ní padà. Lọ́yà Florence ti bẹ kóòtù pé kó sún ọjọ́ síwájú. Adájọ́ kò tíì fèsì.

Awakọ̀ kan láti Ìmẹ̀sí-Lásìgìdì wá sí àgọ́ ọlọ́pàá pé òun gbé bàbá arúgbó kan lọ sí ìlú náà lọ́jọ́ Ajé. Ó ní arúgbó náà gbé nǹkan kan sáyà tó fi aṣọ wé, pé kò jẹ́ kí òun gbé e sí búùtù, pé gbogbo ibi tí ọ̀nà kò bá ti dára ló ń bẹ òun pé kí òun rọra. Ọ̀gá ọlọ́pàá gbà pé òun ti rán ènìyàn lọ síbẹ̀. Ó ní òun kò tíì lè fìdí rẹ̀ múlẹ̀ bóyá Dúrósinmí ni arúgbó náà, tàbí bóyá Adétúnjí ló ń gbé nǹkan náà lọ fún.